Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì l'Abẹ́òkúta: ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe gé e

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ní Ọbáńtókò, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe gé e kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Odindi pílọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí ọmọ onílẹ̀ bá là á ní ìdúró, 30 sí 120 lẹ máa gbà. Bó bá gé e ní ìdábùú, 60 sí 60 ni. Bákan náà ni wọ́n rí lórí rìsíìtì.

Ká ní àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ní kí ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn, mítà 6 níwájú. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 30 ò ju mítà 9 lé díẹ̀ lọ. Ẹ yọ 6, ó ku 3. Kọ́rídọ̀ nìyẹn! 60 sí 60 á ṣẹ́ ku bíi mítà 12 sí 9. Yàrá mẹ́ta á wọ̀ ọ́.

Ìyá Elédùúkìà
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ èyí tó wà lẹ́yìn nínú 60 sí 60 kò rójú títì, àfi bí pílọ́ọ̀tì náà bá já sí òpópónà méjì tàbí tó wà ní igun oríta. Ìdí tí àwọn onílẹ̀ fi ń là á ní ìdúró nìyẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn á yọ ọ̀nà fún yín, ó gbọ́dọ̀ hàn nínú sọ́fè. Ọ̀nà tí bàbá fẹnu lásán yọ, ọmọ rẹ̀ lè mọ fẹ́ǹsì dí i lọ́la.

Ẹsẹ̀ bàtà 43,560 níbùú lóròó ló wà nínú éékà kan. Pílọ́ọ̀tì 6 ni, bí a ò bá tíì yọ títì. Owó títì náà, orí oníbàárà ló ń já lé. Ẹni tó ń gé 50 sí 100 ń rí 8 níbẹ̀, ló ṣe dà bíi pé ilẹ̀ rẹ̀ pọ́kú. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà pín owó yẹn wò ná.

Bíríkìlà
Ẹ má gbàgbé kànga, sọ́kàwéè àti àpáta o. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàrin kànga àti sọ́kàwéè. 60 sí 60 ò lè gba ìyẹn láéláé. 30 sí 120 lè gbà á, bí àpáta ò bá sí níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́, àmọ́ sọ́kàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́bàá kànga yín. Ẹ yọjú wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.