Mò ń kọ́ A-4E Skyhawk fún FlightGear: ó ń dojú dé lórí ilẹ̀, kò sì fẹ́ jábọ́ lókè

Ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A-4E Skyhawk ni mò ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún FlightGear, sìmúlétọ̀ ìfò bàálù orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé lọ sí ogun Vietnam. Blender ni mo fi ń ya ara rẹ̀, JSBSim ló ń ṣírò bó ṣe ń fò. Lápútọ́ọ̀pù tó ní RAM 8GB ló wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lọ sórí àwọn sìmúlétọ̀ ńláńlá. Ibi mẹ́rin ló ti dí mi lọ́wọ́.

Bí mo bá ń sáré láti gbéra, tó bá ti ń lọ sí 60 nọ́ọ̀tì, tí mo bá fẹsẹ̀ kan pẹ́dà díẹ̀, ṣe ló máa yí bìrí, apá kan á sì gbálẹ̀. max_steer táyà iwájú, ìyẹn igun tó lè yí dé, wà ní 70.

Tí mo bá ń bọ̀ wá balẹ̀ pẹ̀lú 14,000 pọ́n-ùn, ó ṣì ń fò ní 100 nọ́ọ̀tì. Mo fa ọ̀pá títí imú rẹ̀ fi wo ojú ọ̀run, síbẹ̀ kò jábọ́ bí ó ṣe yẹ kí bàálù tí afẹ́fẹ́ kò gbé mọ́ jábọ́.

Ní 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń kọjá Mach 1 (eré ohùn) láìjẹ́ pé mo dorí rẹ̀ kodò. milthrust (agbára tí ẹ̀ńjìnnì fi ń tì) jẹ́ 8,500 pọ́n-ùn, CD0 (iye ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́) jẹ́ 0.018.

Èyí tó kù ni slat, pátákó tó ń yọ jáde létí iwájú apá. Mo so ó mọ́ ọ̀pá flap, pátákó tó ń sọ̀ kalẹ̀ létí ẹ̀yìn apá. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò àwọn A-4 tó dúró sórí ilẹ̀, slat wọn ṣí sílẹ̀ nígbà tí flap wà ní títì. Kí ló fà á?

Pápákọ̀ Murtala Muhammed ni mo ti ń dán an wò, ojú ọjọ́ tòótọ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀pẹ́

O kú làálàá, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀.

A-4E kò ní ẹ̀rọ tó ń yí táyà iwájú. Táyà yẹn ń yí fúnra rẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ àga ọ́fíìsì tó ní wílì. Bíréèkì òsì àti ti ọ̀tún ni awakọ̀ fi ń darí rẹ̀ tó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Bí eré bá ti ń pọ̀, rudder, pátákó tó ń yí imú bàálù láti ìdí, á gba iṣẹ́ náà. A-4F tó tẹ̀ lé e ló mú ẹ̀rọ tó ń yí táyà dé, òun náà ló mú spoiler, pátákó tó ń pa ìgbésókè apá, dé. Nítorí náà, ṣọ́ra fún fọ́tò tí ò ń wò. Iké tó wà lẹ́yìn awakọ̀ kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, torí wọ́n padà fi iké yẹn sórí àwọn A-4E kan.

Nínú JSBSim, max_steer 70 túmọ̀ sí pé bí o bá tẹ pẹ́dà dé òpin, táyà á yí dé 70 dígírì. Ní 60 nọ́ọ̀tì, ó ti di òkúta tí o gbé síwájú bàálù nìyẹn. Ẹsẹ̀ Skyhawk ga kí bọ́ǹbù lè gba abẹ́ rẹ̀, àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì kò sì fẹ̀, kò ní ṣe kó má dojú dé. Kọ 360 síbẹ̀: bí JSBSim ṣe mọ táyà tó ń yí fúnra rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà fi brake_group LEFT àti RIGHT sí táyà ẹ̀yìn, NONE sí ti iwájú. Bí o bá gbàgbé ìyẹn, kò ní sí ohunkóhun tó máa darí bàálù rẹ mọ́ kó tó jáde síbi tí yóò ti sáré.

Tún wo spírínǹgì ẹsẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń ru 7,000 pọ́n-ùn, tí o sì fẹ́ kó tẹ̀ wọlé ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà bí bàálù bá dúró: 7,000 pín sí 0.5, ó di 14,000 LBS/FT. Fún damping, ohun tó ń pa ìfòsókè-sódò, 7,000 pín sí 32.2 jẹ́ 217 slug (ìwọ̀n ìpọ̀ nǹkan). Gbòǹgbò 14,000 lọ́nà 217 jẹ́ nǹkan bí 1,740. Ìlọ́po méjì rẹ̀, nǹkan bí 3,500, ni ibi tí kò ti ní fò sókè sódò rárá. Bẹ̀rẹ̀ láti 2,000. Àwọn kan máa ń kọ 100,000 síbi spírínǹgì kí bàálù má bàa rì sínú ilẹ̀. JSBSim ń ṣírò ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, spírínǹgì tó le tó bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ̀n rìrì.

Bí bàálù bá ń rì sínú ilẹ̀, VRP, ojúàmì tó ń so àwòrán mọ́ ìṣirò JSBSim, ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Mítà ni Blender ń lò, ínṣì ni ibi tí JSBSim ti ń ka ẹsẹ̀ àti táńkì. Apá A-4 fẹ̀ tó 27 ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì 6, ìyẹn ínṣì 330 tàbí mítà 8.38. Ẹnu apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bọ́ sí y = 165 ínṣì nínú JSBSim, mítà 4.19 nínú Blender. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu níbẹ̀, tí ibi tí x ti jẹ́ 0 bá sì wà níbì kan náà, ọkàn rẹ balẹ̀.

Ti ìwọ̀n àti bó ṣe ṣòro tó láti yí bàálù: Ixx 8,090, Iyy 25,900 àti Izz 29,200 slug-ft² tí àwọn ìwé máa ń kọ fún A-4D, Skyhawk náà ni, ti bàálù tó wọn 17,578 pọ́n-ùn ni, epo ti wà nínú rẹ̀. Bí o bá kọ wọ́n sí ibi ìwọ̀n òfìfo, tí JSBSim tún fi ti táńkì kún un, epo ti di ìlọ́po méjì, bàálù rẹ á sì máa lọ́ra láti yí sí ẹ̀gbẹ́. Yọ ti epo kúrò kó o tó kọ wọ́n.

Àgbádárìgì_Òkè

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ ti gba ti ilẹ̀ tán, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òkè.

Ìbéèrè kejì àti ìkẹta rẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tó yẹ kó máa yí padà lo kọ bíi nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ó jọ pé ṣe lo kàn sọ alpha, igun tí apá fi kojú afẹ́fẹ́, di púpọ̀ ní 3.45. 3.45 náà kò burú o, iye A-4D nìyẹn ní Mach 0.4 nítòsí òkun. Ṣùgbọ́n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì lẹ̀ mọ́ apá nìkan ló tọ̀nà. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: 14,000 pọ́n-ùn, apá 260 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, 100 nọ́ọ̀tì. Kí bàálù yẹn tó lè dúró lófuurufú, CL (iye ìgbésókè apá) gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.59. Kí 3.45 tó lè fún ọ ní 1.59, alpha gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 26 dígírì. Apá kékeré onígun mẹ́ta yẹn á ti já tipẹ́. Kóòdù rẹ ni kò mọ ìjá, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kúrò lára apá. Ní 130 nọ́ọ̀tì, CL 0.94 ló ń fẹ́, ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Fi tábìlì rọ́pò ìsọdipúpọ̀ yẹn. Kí ìlà rẹ̀ máa lọ pẹ̀lú aero/alpha-rad (alpha ní rádíánì), kí òpó rẹ̀ máa lọ pẹ̀lú bí slat ṣe ṣí tó. Kó gùn gbọọrọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tẹ̀, kó sì wálẹ̀. Òpó slat tó wà ní títì á tẹ̀ ṣáájú ti slat tó ṣí. Má dá tábìlì náà dúró sórí òkè rẹ̀ o: bí alpha bá kọjá ìlà tó kẹ́yìn, iye ìkẹyìn yẹn ni JSBSim á dì mú, bàálù rẹ kò sì ní jábọ́ láé. Kọ ọ́ dé 0.6 rádíánì ó kéré tán.

Ti Mach 1: ẹ̀ńjìnnì J52-P-6A ń tì pẹ̀lú 8,500 pọ́n-ùn lórí ilẹ̀, nígbà tí bàálù dúró. Ní 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ kò ju 53 nínú 100 ti ilẹ̀ lọ. Ní 36,000, ó ku nǹkan bí 30. Nínú fáìlì ẹ̀ńjìnnì, MilThrust gbọ́dọ̀ ní tábìlì tirẹ̀ tó ń wo Mach àti gíga. Ìdá ni àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀: 1.0 fún Mach 0 lórí ilẹ̀, kó sì máa rẹlẹ̀ bí bàálù ṣe ń gòkè. Fi ìdá afẹ́fẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, kó o wá máa tún un ṣe pẹ̀lú àwòrán ìgòkè inú NATOPS, ìwé ìlànà àwọn awakọ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ti A-4E/F. Wò ó bóyá augmented jẹ́ 0 pẹ̀lú. Ẹni tó bá da fáìlì Phantom, bàálù ogun mìíràn, kọ máa ń gbàgbé 1 síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ J52 kò ní afterburner, ẹ̀rọ tó ń sun epo sí i ní ìdí ẹ̀ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n bí o bá tún ẹ̀ńjìnnì ṣe nìkan, á ṣì kọjá Mach 1. Ní 20,000 ẹsẹ̀ bàtà àti Mach 1, CD0 0.018 rẹ kò fa bàálù sẹ́yìn ju nǹkan bí 3,200 pọ́n-ùn lọ, ẹ̀ńjìnnì tó ti rẹ̀ gan-an ṣì lágbára jù ú lọ. Tábìlì ìfàsẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà: kó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé nǹkan bí Mach 0.85, kó sì gòkè bí ògiri láti ibẹ̀ dé 1.0.

Pa ojú ọjọ́ tòótọ́ yẹn kó o tó fi ohunkóhun wé ìwé. Bí Èkó bá wà ní 32°C lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju ti 15°C lọ ní nǹkan bí 5 tàbí 6 nínú 100. Ìgbéra á gùn sí i, ìwọ á sì máa bá ẹ̀ńjìnnì tí kò ṣẹ̀ jà.

Kò sì pọn dandan kó o ṣí FlightGear fún gbogbo ìdánwò. JSBSim ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí àwòrán kankan: kọ script kan tó ń gbéra tó sì ń gòkè, á kọ èsì sínú CSV. Ìfò ogún ìṣẹ́jú á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí iná bá lọ, bátìrì lápútọ́ọ̀pù nìkan gbé iṣẹ́ yẹn.

Àǹtí_Blender

Slat ni tèmi. Kò sí ọ̀pá kankan tó ń ṣí i nínú ọkọ̀. Ó kàn wà lórí irin tó tẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ ń fà á jáde, afẹ́fẹ́ sì ń tì í wọlé bí bàálù bá ń sáré pẹ̀lú alpha kékeré. Bí alpha bá pọ̀, afẹ́fẹ́ kan náà á tún fà á jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí sílẹ̀ nígbà tí bàálù dúró. Má so ó mọ́ alpha nìkan, torí alpha jẹ́ 0 bí bàálù kò bá rìn, slat rẹ á sì tì lórí ilẹ̀. Alpha àti qbar (agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń kọlu bàálù) ni kí tábìlì rẹ̀ máa wò: nítòsí qbar 0, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1, ìyẹn ṣíṣí pátápátá.

Òsì àti ọ̀tún ń dá ṣí ni, ibẹ̀ sì ni adùn bàálù yìí wà. Apá tó ń lọ sílẹ̀ nígbà tí bàálù ń yí ń rí alpha tó ju ti èkejì lọ. Ìyí 1 rádíánì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí àárín, eré 300 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá: ó fi nǹkan bí dígírì 2 kún un. Ìyẹn tó kí slat kan jáde kí èkejì má jáde, bàálù á sì fì lójijì. Àwọn Blue Angels, ẹgbẹ́ awakọ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń fi bàálù dárà, fi bóòtù de slat A-4F tiwọn pa nítorí èyí, torí wọ́n ń fò nítòsí ara wọn. Nítorí náà, fi p (bí bàálù ṣe ń yára yí) lọ́nà y (jíjìnnà sí àárín) pín sí V (eré) kún alpha fún apá kan, yọ ọ́ kúrò fún èkejì.

Nínú Blender, lo Mirror tán, kó o sì pín òsì àti ọ̀tún sí méjì kó o tó kó wọn jáde sí fáìlì .ac tí FlightGear ń kà. Orúkọ gbọ́dọ̀ bá ti fáìlì XML tó ń darí ìrìn wọn mu pátápátá. Bí o bá ṣe ẹ̀dà slat, Blender lè sọ ọ́ di slat_L.001, FlightGear kò sì ní rí i. Á dúró gbagidi níbẹ̀. Translate àti rotate ni kó o lò pọ̀, torí ó ń yọ́ síwájú, ó sì ń tẹrí ba.

Wo rudder rẹ dáadáa pẹ̀lú: páànù kan ṣoṣo ló wà láàárín, egungun rẹ̀ wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ó bá dán gbọ̀ọ́rọ̀, ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i kíákíá. Ọ̀dà rẹ̀ nígbà Vietnam ni àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ FS 16440 lókè, funfun FS 17875 nísàlẹ̀ (FS ni nọ́ńbà ọ̀dà ìjọba Amẹ́ríkà). Òkè aileron (pátákó ẹnu apá), flap àti elevator (pátákó ìdí tó ń gbé imú) náà funfun.

Ìbọn Mk 12 méjì ló wà ní gbòǹgbò apá, ọta 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń yìn nǹkan bí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà delay 0.06, count 100, speed 3,300. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ó tán.

Ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, ẹ ṣé. Pẹ̀lú 360 àti brake_group, ó ń lọ tààrà. Tábìlì CL náà ti ń jẹ́ kó já ní ìgbà tó yẹ. Ṣùgbọ́n slat ń ṣí, ń tì, ń ṣí, ń tì ní eré kan báyìí, bàálù sì ń gbọ̀n.

Àǹtí_Blender

Slat ṣí, ìgbésókè yí padà, alpha yí, slat tì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Irin gidi ní ìfarakanra tó ń dí i lọ́wọ́, tìrẹ kò ní. Gbé èsì tábìlì gba inú actuator kan, ẹ̀yà JSBSim tó ń dẹ ìrìn nǹkan lọ́wọ́, fún apá kọ̀ọ̀kan: lag 10, rate_limit 3, hysteresis_width 0.15. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, ìlà tábìlì rẹ ló fo láti 0 sí 1 láàárín dígírì kan. Tẹ́ ẹ sórí dígírì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó o sì fi script náà dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní 200 nọ́ọ̀tì kó o tó padà sínú FlightGear.