Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ilé ìyá àgbà ti di tàwọn nítorí pé àwọn ti pẹ́ níbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Orúkọ ìyá àgbà wa olóògbé ló ṣì wà lórí ìwé ilé wọn. Wọn ò ṣe ìwé ìhágún, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì gba àṣẹ kóòtù láti máa bójú tó ohun ìní wọn. Màmá mi ló kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé kí wọ́n máa gbé inú ilé náà, kó má bàa di ahoro.

Ẹ̀gbọ́n ti wá pààrọ̀ àgádágodo báyìí. Wọ́n ní òfin ti fún àwọn nílé. Ó ń dun màmá mi wọra.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹni tí onílé fún láyè kò lè torí pípẹ́ gba ilé, àti pé bí ọ̀kan nínú àwọn ajogún bá ń dá gbé ibẹ̀, ìyẹn nìkan kò gba ẹ̀tọ́ àwọn yòókù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni kóòtù máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tí ẹ̀gbọ́n ní ó sọ ilé di tàwọn: ìgbà tí wọ́n kó wọlé ni, àbí ìgbà tí wọ́n tì wá síta?

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ wa tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, tí wọ́n sì buwọ́ lù. Wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá mi kí wọ́n tó tún òrùlé ṣe, wọ́n sì pè é ní “ilé gbogbo wa”. Ṣé ẹ̀rí gidi nìyẹn? Wọ́n tún ní ìwé owó tí wọ́n ná sí àtúnṣe. Mo gbà pé ó yẹ ká san án padà.

Ṣé ká kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ kóòtù, àbí kí lọ́yà kọ̀wé sí wọn ná?