Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lèèyàn ṣe ń ṣoore fẹ́ni tí ò mọ̀ rí ní Ifẹ̀ yìí láìjẹ́ kí wọ́n fura sí i?

Ọmọ Ìbòkun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Ìbòkun nítòsí Iléṣà ni mo dàgbà sí, iṣẹ́ ló gbé mi wá Ifẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni mo wà ní Lagere. Lọ́dọ̀ wa, tó o bá rí àgbàlagbà tó gbẹ́rù, o ò ní bi í kó o tó gbà á, tó ò bá gbà á gan-an, wọ́n á ti gbọ́ nílé yín kó o tó délé.

Níbí ńkọ́? Òjò ṣú lọ́jọ́ kan ní Mayfair, màmá kan ń gbìyànjú láti gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rù, wọ́n gbé e dé orúnkún, ó tún padà sílẹ̀. Mo sáré lọ bá wọn, mo nawọ́ sí agbọ̀n. Màmá fi gbogbo ara bo ẹrù wọn, wọ́n ní "Fi sílẹ̀! Ta ni ẹ́?" Gbogbo èèyàn bá ń wò mí bí olè. Mo ní ẹ má bínú mà, mo kúrò ńbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ibẹ̀ náà ni òjò yẹn ká wọn mọ́.

Mi ò sì lè sọ pé ará Ifẹ̀ ò láàánú o. Alákàrà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ó máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan tórí ẹ̀ ò pé, tẹ́nikẹ́ni ò mọlé ẹ̀. Á fi bébà wé e, á fẹ́ ẹ kó má jó o lẹ́nu, á wá máa ṣọ́ ọ títí táá fi jẹ ẹ́ tán káwọn ọmọ má baà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnì kankan ò rán an níṣẹ́. Èmi náà fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí mo máa gbé e gbà ni mi ò mọ̀. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Sábó
Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ọjà lèmi wà látàárọ̀ dalẹ́, jẹ́ n sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù fún ẹ. Ẹni tó kàn yọ lójijì tó nawọ́ sẹ́rù, a ò lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbé e rù wá ni àbí ó fẹ́ gbé e sá lọ, torí inú agbọ̀n yẹn gan-an, lábẹ́ ọjà, lowó tá a pa látàárọ̀ sábà máa ń wà. Iwájú ni kó o gbà yọ. Kí i ná, "ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé kí n bá yín gbé e rù?" Kó o wá dúró. Dídúró yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á fúnra ẹ̀ di apá kan mú, ìwọ di apá kejì, ọwọ́ kan ṣáà ò gbẹ́rù dórí. Tó bá ti jókòó dáadáa lórí òṣùká, yọwọ́ kó o máa lọ. Má ní o fẹ́ bá a gbé e délé àfi tó bá fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ìrèmọ
Má bínú sí màmá yẹn o. Àwa tá a wà níbí lásìkò ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, láti 1997 di 2000, la mọ ìdí táwọn àgbà kan ò fi tètè gba ọwọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀rù yẹn pẹ́ lára. Bẹ́ẹ̀, nígbà yẹn náà, ilé ẹni tí mi ò mọ̀ rí lèmi àtàwọn ọmọ sùn mọ́jú, obìnrin náà ò bi wá léèrè apá ibi tá a ti wá, omi ló kọ́kọ́ bù fáwọn ọmọ.

Dẹ̀rẹ́bà Kòrópe
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o bàbá. Ẹ jẹ́ n sọ ti mọ́tò. Ojoojúmọ́ ni mò ń so èèyàn pọ̀ torí ṣẹ́ńjì, ẹni méjì tí wọn ò mọra rí, màá fún wọn ní N200 kan ṣoṣo pé kí wọ́n lọ pín in. Tí wọ́n bá sọ̀ ní Ẹnuwá màá máa wò wọ́n nínú dígí, ọ̀kan á ní ẹ máa mú un lọ, èkejì á ní rárá o, wọ́n á jọ wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ ẹ. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà di ọ̀wọ́n, báńkì ò rówó san, táńsífà náà ò tètè wọlé. Ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ á san tiẹ̀, á san tẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún á ní kó fóun ní nọ́ńbà àkáǹtì, àwọn míì ò tiẹ̀ ní fún un. Torí náà àbúrò, máa ní owó kéékèèké lọ́wọ́ tó o bá fẹ́ wọkọ̀. Ẹnì kan máa nílò ẹ̀, o ò ní pẹ́ rí i.

Ará Parakin
Ẹ má bínú, mi ò ní bò ó mọ́nú. Kì í ṣe gbogbo ibi lèèyàn ti ń dúró ṣoore. Ẹni tó bá dá ẹ dúró lóru níbi tó dá, má sọ̀ kalẹ̀, lọ síbi tí iná àti èèyàn wà kó o pe 112, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ẹ pe ẹbí ẹ̀, bá a tẹ nọ́ńbà, fi sí sípíkà, kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ. O ti ràn án lọ́wọ́, o ò sì kó sí wàhálà.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU
Èmi ò ríran, ọ̀pá funfun ni mo fi ń rìn. Àwọn tó ń fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ láti géètì pọ̀, mo sì ń dúpẹ́, àmọ́ àwọn kan á kàn gbá ọ̀pá mú tàbí kí wọ́n wọ́ mi lápá, mi ò ní mọ ẹni tó dì mí mú tàbí ibi tó ń mú mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí n mọ̀ pé èmi lẹ̀ ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí n di apá yín mú lókè ìgúnpá, kẹ́ ẹ wà níwájú díẹ̀, tí gọ́tà bá wà ẹ sọ kó tó di pé a débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yà, ẹ sọ pé ẹ̀ ń yà o, torí àwọn míì máa ń lọ láìsọ, màá ṣì máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Èyí tí mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹ̀jẹ̀. Obìnrin á bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ọkọ ẹ̀ á máa sáré kiri wọ́ọ̀dù, ó ń pe ẹbí, ẹbí ò gbé fóònù. Tẹ́ni tí ò mọ̀ wọ́n bá ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ní báńkì ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ibi tá a ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pa mọ́, a kàn máa lọ mú un ni. Tó o bá ti pé ọdún 18, tó ò tíì ju 65 lọ, tó o wọn tó kílò 50, tára ẹ sì le, o lè fún wa. Ọkùnrin lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lóṣù mẹ́rin. Ẹni tó máa gbà á ò ní mọ̀ ẹ́, ìwọ náà ò ní mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa fura sí ẹ.

Ọmọ Ìbòkun
Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo yín. Ìyá, màá máa dúró bẹ́ ẹ ṣe wí. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ yìí wù mí ṣe, àmọ́ ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí díẹ̀, ṣé kì í rẹ èèyàn lẹ́yìn ẹ̀? Mo ṣì fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Wàá lè lọ. Nǹkan bíi milílítà 450 la máa ń gbà, a ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò bóyá ó tó, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun la máa ń lò fún oníkálukú. Jẹun dáadáa kó o tó wá, mu omi púpọ̀, wọ aṣọ tápá ẹ̀ ṣeé ká sókè. Tá a bá ṣe tán má sáré dìde, jókòó díẹ̀, má gbé nǹkan tó wúwo lọ́jọ́ yẹn. Àárọ̀ ni kó o wá, èrò kì í pọ̀.