Ìpele kọ́ ni gbogbo level o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ká máa pe level inú géèmù ní "ìpele", ká sì pe asset, ìyẹn àwòrán àti ohùn tí wọ́n ń kó sínú géèmù, ní "dúkìá". Fún ẹni tó ń ta géèmù, ìpele dáa, ó parí ìkíní ó bọ́ sí ìkejì, ìyẹn ti yé ọmọdé. Àwa tí à ń ṣe géèmù ni ọ̀rọ̀ yẹn ń fìyà jẹ.

Àwa mẹ́rin là ń ṣe géèmù kan ní Tánkẹ́, n'Ílọrin níbí, agboolé àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ló dá lé. Mo wá kọ ọ́ sí àbúrò tó ń yàwòrán fún wa pé "bá mi gbé ìkòkò sí ìpele 2", ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń sun ìkòkò ni mo ní lọ́kàn, àṣé LOD lòun gbọ́, ìyẹn level of detail, bí àwòrán ṣe dán tó. Torí ìkòkò kan náà a máa ní ẹ̀dà bíi mẹ́ta, LOD0 tó dán fún ìtòsí, LOD1, LOD2 tí wọ́n ti dín àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké tí wọ́n fi ya ara ẹ̀ kù fún òkèèrè kí kọ̀ǹpútà má bàa lọ́ra. Bí ẹ̀dà òkèèrè ṣe jókòó síwájú èèyàn nìyẹn, ẹnu ìkòkò rí págunpàgun, ọjọ́ méjì gbáko la fi wá ẹni tó bà á jẹ́!

Èmi ní ká fi ìpele sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta á, ibi tí wọ́n ń rìn nínú ẹ̀ ká pè é ní gbàgede. LOD, ẹ̀dà ìtòsí àti ẹ̀dà òkèèrè ti tó.

Dúkìá gan-an ló ń dùn mí. Ilé àti ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ni dúkìá, wọ́n ń pín in ni. Ìkòkò, igi, ohùn adìyẹ tí ayàwòrán àti olóhùn kó wá, èlò ni, bí èlò ọbẹ̀ tí wọ́n ń rà l'Ọ́jà Ìpàtà, ata lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀, kò tíì dọbẹ̀, ẹni tó rà á sì lè má ni yóò sè é. Òṣùwọ̀n náà wà ńbẹ̀ o: nínú Unity àti Unreal, àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, 1 nínú Unity mítà kan ni, 1 nínú Unreal sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ gbé e wọlé láì ṣírò kí ìkòkò ga ju òrùlé lọ.

Àwọn àpótí lásán tí a kọ́kọ́ fi ń to gbàgede, tí a ń rìn wò bóyá ọ̀nà fẹ̀ tó kí èlò tó dé, ẹnìkan pè é ní "egungun". Rárá, egungun kì í kúrò lára. Adelé ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é, ó ń jókòó de onílé, tí onílé bá dé á dìde.