Sátífíkéètì mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn

Ìtàn tèmi lọ́wọ́ ọ̀gá burúkú rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní 2022, mo padà sí Ìlọrin, mo sì rí iṣẹ́ akawó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé lápá Táíwò. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n pe gbogbo ẹbí ní Ọ̀mù-Àrán.

Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gá gba ojúlówó sátífíkéètì mi, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin tó ń fi iṣẹ́ hàn mí rọra bi mí pé, "Ṣé o ti ṣe fọ́tòkópì rẹ̀?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó ti yé mi níbẹ̀, torí èmi ni ẹnì kẹrin tó máa jókòó sórí àga yẹn láàárín ọdún kan.

Ìwé kan wà lórí tábìlì ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wa síbẹ̀. O pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ₦1,000. Àpò sìmẹ́ńtì kan ya, gbogbo wa la máa dá a san. ₦40,000 la jọ sọ pé wọ́n á máa san fún mi lóṣù. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ₦26,500 ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Èébú tún wà ńkọ́? Níwájú oníbàárà ni, tòbí tòbí. Tí mo bá ti gbọ́ họ́ọ̀nù mọ́tò wọn lẹ́nu géètì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, owó tí mo ń kà á dàrú mọ́ mi lójú.

Ìyá mi ló ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń sunkún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni mo ní kí o lọ ṣe, mi ò fi ọ́ sọfà."

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà ló là mí lọ́yẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù. Ẹni tó bá ti lò ju oṣù mẹ́ta, tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa fi ṣáájú sọ fún wọn, nínú ìwé, pé òun ń lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo ti lò. Mo kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún mi.

Sátífíkéètì ló le. Ọ̀gá ní àfi kí n san owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi. Ìgbà tí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n ju sátífíkéètì náà sórí káńtà fún mi, ojú ife tíì ti hàn lẹ́yìn rẹ̀ roboto.

Mo pe ọmọbìnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tirẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà tirẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn.