Ilẹ̀ iléèwé tó wà lásán, orí ẹ̀ ni mò ń gbé báyìí

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àwọn ọmọ tó nílò àbójútó pàtàkì ni mò ń bá jókòó ní kíláàsì, níléèwé girama kan ní Daly City, ẹ̀gbẹ́ San Francisco, ní California níbí. Ọdún mẹ́rin gbáko Antioch tó jìnnà réré ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀ torí ibẹ̀ lowó ilé ti kéré díẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí mo ti jí, màá wọ BART, rélùwéè ìbí, mo ti sùn kọjá Daly City lẹ́ẹ̀mejì rí, àfi ìgbà tí wọ́n pe Millbrae, ibùdó ìkẹyìn, létí mi. Tí n bá fi máa délé ọmọ ti sùn.

2018 ni àwọn aláṣẹ iléèwé wa ní kí ará àdúgbò wá dìbò, pé àwọn fẹ́ yá owó bọ́ǹdì 33 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kọ́lé fún òṣìṣẹ́ iléèwé lórí ilẹ̀ Serramonte ní Daly City yìí náà, iléèwé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé tipẹ́. Èmi tọ́rọ̀ kàn gan-an ò lè dìbò, ṣebí Antioch ni mò ń gbé! Ìyá ọmọ kan níléèwé wa sọ fún mi pé òun fẹ́ràn tíṣà o, àmọ́ níbo ni wọ́n máa páàkì mọ́tò sí. Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Ìbò wọlé ṣá. 2022 la kó wọlé, ilé 122, rẹ́ǹtì ẹ̀ kéré sí ti ìta gan-an. Wàhálà kan tó wà níbẹ̀ ni pé tíṣà ìṣirò wa ló ń gbé nísàlẹ̀ mi, ọjọ́ tí mo gúnyán báyìí, ó bi mí ní stáfù rúùmù pé ṣé mò ń tún ilé ṣe ni. Poundo ni mò ń rò báyìí. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ilé tó so mọ́ṣẹ́ ni o, tíṣẹ́ bá bọ́, ilé náà bọ́ nìyẹn.

— Àǹtí, ẹ kú oríire o. Los Angeles lèmi wà, kíṣìnì iléèwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sage Park ni wọ́n ń pe ilé òṣìṣẹ́ iléèwé tiwa ní Gardena, ilé 90, 2015 ni wọ́n ṣí i, tíṣà ni wọ́n ní lọ́kàn. Àṣé owó ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ní gbèdéke, owó oṣù tíṣà sì ju gbèdéke náà lọ, ló bá di ti àwa alásè àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ń wakọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ wá síṣẹ́, ojú máa ń tì mí láti pè é wá jẹun.

— Tíṣà lèmi náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ iléèwé wà ládùúgbò wa tí koríko ti bò, òfin ìpínlẹ̀ California tí wọ́n ń pè ní AB 2295 sì ti bẹ̀rẹ̀ láti January 2024, àwọn aláṣẹ iléèwé ò nílò àtiyí ètò ìlò ilẹ̀ padà mọ́ kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan ò tíì débẹ̀. Àǹtí, ibo lẹ ti gba fọ́ọ̀mù tiyín?

— Ọ́fíìsì HR tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, àbúrò. Tètè lọ bi tiyín, kó o sì ra poundo dání.