Plotter àlòkù tó ń gé fínìlì: ṣé kí n rà á?

Alágbèékà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sáìnì ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ilé. Mo rí plotter kan, ẹ̀rọ tó ń gé fínìlì (ọ̀rá alámọ́ra tí a fi ń ṣe sítíkà), iná rẹ̀ tàn, orí rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kò gé nǹkan kan fún mi. Kò sí USB lẹ́yìn rẹ̀, ojú wáyà oníhò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀.

Ìyá Sítíkà: Àbúrò, iná tó tàn kọ́ ni iṣẹ́. Mú fínìlì tìrẹ lọ, kó gé róbótó kan. Bí ẹnu ìlà kò bá pàdé, ó lè jẹ́ abẹ tàbí offset (bí ṣóńṣó abẹ ṣe jìnnà tó sí àárín ibi tó ti ń yí), ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Bí ìlà bá ń gbọ̀n, sá! Fi èékánná tọ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ ń rìn lé lórí. Èmi kò tọ́ tèmi wò, ó ti gbẹ́ kòtò. Gbogbo lẹ́tà O mi ló ń yọ eyín.

Gégéwé: Ojú wáyà oníhò mẹ́sàn-án yẹn, RS-232 ni, irú èyí tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń lò. Wáyà tó ń sọ ọ́ di USB wà. Bí plotter náà bá gbọ́ HPGL (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún plotter), Inkscape, áàpù ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, á bá a sọ̀rọ̀. Rọ́bà tó ń di fínìlì mú ńkọ́? Jẹ́ kí ẹ̀rọ fa fínìlì jáde tó mítà 2, kó dá a padà, kí o wò ó bóyá fínìlì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Alágbèékà: Mo ti padà lọ. Róbótó pàdé, ṣùgbọ́n rọ́bà kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ lójú kan. Mo ní kó dín owó kù, ó fajú ro. A ṣì ń nájà.